Sí Mojísọ́lá, Lẹ́yìn Òwúrọ̀ Tí Mo Ní Kò Sí Nílé

Mojísọ́lá, Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo kí ọ láti Agbowó. Ara mi le. Bàbá rẹ náà wà, orúnkún rẹ̀ nìkan ló ń yọ ọ́ lẹ́nu bí òjò bá ti ṣú. Mo mọ̀ pé òtútù pọ̀ níbi tí o wà, mo sì mọ̀ pé o ò ní wọ ṣúwẹ́tà méjèèjì tí mo fi sínú báàgì rẹ, nítorí náà mi ò ní bi ọ́ kí o má bàa parọ́ fún mi.

Ó lè yà ọ́ lẹ́nu pé mo jókòó kọ lẹ́tà, èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà péré. Ṣùgbọ́n bí a bá ti ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù, tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò bá já, ìwọ á bẹ̀rẹ̀ sí sunkún, èmi náà á bẹ̀rẹ̀, káàdì á sì tán síbẹ̀ láìjẹ́ pé a sọ nǹkan kan. Tí mo bá kọ ọ́ báyìí, màá lè sọ ọ́ tán. Màá ya fọ́tò ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ránṣẹ́ sí ọ. Bí ọwọ́ mi ò bá hàn dáadáa, fẹ̀ ẹ́ lójú fóònù, má pè mí pé kí n kà á fún ọ.

Ọ̀rọ̀ tí o sọ lọ́jọ́ Àìkú ni mo fẹ́ dáhùn. O ní ọ̀gá ẹgbẹ́ tó gbà ọ́ síṣẹ́ pé kí o máa bá wọn gun kẹ̀kẹ́ sọ pé kí o má kọ ilé wa sílẹ̀ mọ́ gẹ́gẹ́ bí ibi tí wàá wà nígbà ìsinmi. Ó ní kí o jókòó sọ́dọ̀ àwọn lọ́hùn-ún, níbi tí àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀ yín wò ti máa rí ọ nígbàkúùgbà, kí orúkọ rẹ má bàa bàjẹ́ ju báyìí lọ. O wá bi mí pé, "Màámi, ṣé kí n má wálé mọ́ ni?" Mi ò dá ọ lóhùn. Mo ní gáàsì ń jò ní ṣọ́ọ̀bù, mo pa fóònù. Gáàsì kankan ò jò.

Màá dá ọ lóhùn nínú lẹ́tà yìí. Ṣùgbọ́n àwọn ọ̀rọ̀ kan wà tó yẹ kó ṣáájú, jẹ́ kí n tò wọ́n bí mo ṣe lè tò wọ́n.

Èkíní. Máa rántí ibi tí ẹsẹ̀ rẹ ti rí agbára.

Mo ń kọ èyí nítorí ó jọ pé ìwọ fúnra rẹ ti fẹ́ máa gbàgbé. Bí àwọn èèyàn bá ń sọ nǹkan burúkú kan náà nípa èèyàn lójoojúmọ́, ó máa ń pẹ́, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí wo ara rẹ̀ bíi pé òótọ́ ni. Má wo ara rẹ bẹ́ẹ̀. Èmi wà níbẹ̀, mo rí i.

O ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ìwé girama ni nígbà tí mo ra kẹ̀kẹ́ àlòkù yẹn ní Mọ́kọ́lá, èyí tí irin àárín rẹ̀ ti tẹ̀ díẹ̀. Mi ò rà á fún eré. Àwọn oníbàárà mi ní Bódìjà ti ní àwọn ò lè máa gbé sílíńdà wá sí Agbowó mọ́, owó tí àwọn oní-Márúwá sì ń gbà láti bá mi gbé e lọ ń jẹ èrè mi tán. Mo ṣírò rẹ̀, mo rí i pé kẹ̀kẹ́ ló máa dín ìnáwó kù. Bàbá rẹ kan pátákó mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀, a fi rọ́bà inú táyà de sílíńdà mọ́ ọn, ìwọ sì ń gbé e káàkiri bí o bá ti ilé ìwé dé. Gbogbo òkè Ìbàdàn yìí tí ọkọ̀ ń ké bí wọ́n bá ń gùn ún, ìwọ ń gbé gáàsì gùn ún. Àwọn ọmọ mìíràn máa ń sọ̀ kalẹ̀, wọ́n á máa ti kẹ̀kẹ́ wọn. Ìwọ kì í sọ̀ kalẹ̀. Mo bi ọ́ nígbà kan pé kí ló dé, o ní, "Màámi, bí mo bá sọ̀ kalẹ̀, sílíńdà á fẹ́ fà mí padà." Lójú tìrẹ, wàhálà sílíńdà lo ń yẹra fún.

Kóòṣì ló mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ju sílíńdà lọ. Ó ń kó àwọn ọmọkùnrin tó ń kọ́ ní eré kẹ̀kẹ́ gun òkè Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ tiwọn fúyẹ́ bíi páálí. O kọjá lára wọn tìwọ ti yúnífọ́ọ̀mù ilé ìwé, tìwọ ti sílíńdà. Ó tẹ̀ lé ọ títí dé ṣọ́ọ̀bù.

"Màmá, ẹ káàsán. Ta ló ni ọmọ tó gbé gáàsì kọjá níbí yìí?"

Mo rò pé o ti gbá ẹnì kan ni. Mo ní, "Ọmọ wo? Mi ò mọ̀ ọ́n o."

Ìwọ sì wà lẹ́yìn mi tí ò ń mu omi.

Ọkùnrin yẹn rẹ́rìn-ín títí. Ó ní, "Màmá, imú yín ló wà lójú ẹ̀." Bí o ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀nà Ọ̀yọ́ ni ẹ máa ń gbà láàárọ̀ Sátidé, ẹ ó dé Fìdítì kí ẹ tó yí padà, wàá sì tún ti dé ṣọ́ọ̀bù kí àwọn èèyàn tó máa wá ra gáàsì tí wọ́n máa fi se oúnjẹ ọ̀sán. Kò sẹ́ni tó ń béèrè ohun tí ò ń lò nígbà yẹn. Gààrí lò ń lò.

Jẹ́ kí n sì sọ ọjọ́ tí o gba ipò kìíní ní gbogbo Áfíríkà fún ọ, nítorí ìwọ ò rí ojú wa. A gbé fóònù ti ara ìwọ̀n tí mo fi ń wọn gáàsì, a tò yí i ká. Àwọn oníbàárà gbé sílíńdà òfìfo wọn sílẹ̀, kò sẹ́ni tó béèrè pé kí n dá òun lóhùn. Nígbà tó ku òkè tó kẹ́yìn, ìwọ àti ọmọbìnrin aláṣọ pupa yẹn ló kù níwájú. Ó dìde dúró lórí kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó ń jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Ìwọ jókòó. Bí o ṣe máa ń jókòó nìyẹn nígbà tí sílíńdà bá wà lẹ́yìn rẹ, nítorí bí o bá dìde á yẹ̀. Mo sọ fún wọn pé, "Ó ti tán." Ìyá Tọ́pẹ́ tó ń ta ike lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa ní, "Kí ló tán? Ọ̀nà ṣì kù." Mo ní, "Ẹ máa wò ó." Nígbà tí o kọjá ìlà, gbogbo Agbowó gbọ́ ohùn obìnrin yẹn. Ó dì mọ́ mi, ó ní, "Ìyá Mojí, ṣé ọmọ yìí náà lẹ máa ń lé kiri pé ó jẹ́ kí ìrẹsì jóná?" Mo ní òun náà ni. Mi ò tíì rí ohun tó dùn mọ́ mi nínú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, àti ọjọ́ ìgbéyàwó mi, àti ọjọ́ tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù.

Èkejì. Sọ ohun tí iṣẹ́ rẹ ń fẹ́ fún gbogbo ẹni tí ẹ bá jọ ń gbé.

Kò pẹ́ lẹ́yìn àṣeyọrí yẹn ni ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Àwọn àgbà àdúgbò ní ońdè ni, pé a ti sin nǹkan sí ọ lára ní Ìgbòho, ìlú wa. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń tẹ fóònù ní abẹ́rẹ́ ni, pé ọmọ onígáàsì kò lè ṣàdédé fi ẹ̀yìn àwọn tó ti ń ṣe é tipẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀rín ni mo ń rín. Ìgbà tí èmi gan-an wá bu epo sí i ni mi ò rẹ́rìn-ín mọ́.

O wá sinmi nílé. Òwúrọ̀ kùtù ni, mi ò tíì fọ ojú. Géètì dún. Obìnrin kan àti ọkùnrin kan ni, wọ́n gbé báàgì dúdú.

"Ẹ káàárọ̀, mà. A ń wá Mojísọ́lá."

"Níbo lẹ ti wá?"

"Àwa la máa ń yẹ àwọn eléré ìdárayá wò. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ibí lòun á wà láàárín aago mẹ́fà sí méje."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Òun fúnra rẹ̀, mà."

Mo wò wọ́n látòkè délẹ̀. O mọ bí wọ́n ṣe tọ́ èmi. Ní agboolé wa ní Ìgbòho, bí àjèjì bá béèrè ọmọ, a ó kọ́kọ́ ní kò sí, lẹ́yìn náà la ó tó bi í pé kí ló fẹ́ ṣe. Bí o bá ń lọ sí Ìbàdàn, ẹni tó bá bi ọ́ lọ́nà, oko lò ń lọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe tọ́ ọ. Báwo ni ọmọ tí mo tọ́ bẹ́ẹ̀ ṣe máa kọ ọ́ fún àjèjì pé kí wọ́n wá bá òun lórí bẹ́ẹ̀dì? Mo ní irọ́ ni wọ́n ń pa. Mo ní ajínigbé ni wọ́n.

"Kò sí nílé. Ó ti lọ Ìgbòho."

"Ìgbà wo ló lọ, mà?"

"Ó ti pẹ́ díẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ bá wa wo yàrá rẹ̀ bóyá ó ti dé."

"Ṣé ẹ̀yin lẹ bí i ni, àbí èmi?"

Obìnrin náà ò bínú. Ó kàn ní kò burú, àwọn á dúró díẹ̀. Wọ́n jókòó sínú mọ́tò. Kí aago méje tó lù, wọ́n tún kan géètì, mo tún ní o ti lọ Ìgbòho, mo sì tún fi kún un pé bóyá o ò ní tètè dé. Mo ṣàdúrà fún wọn pé kí Olúwa mú wọn délé láyọ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, yàrá ẹ̀yìn lo wà, ò ń sùn, ẹ̀rọ amúnáwá aládùúgbò wa ń pariwo, fóònù rẹ sì ti kú nítorí iná ò sí.

Ìgbà tí o jáde, o ní, "Màámi, ó dà bíi pé mo gbọ́ géètì."

Mo ní, "Àwọn kan ló ń wá ọ. Mo ti lé wọn."

O ò pariwo mọ́ mi. O jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi, o gbé ọwọ́ lérí. Ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ohun tí mo ṣe kì í ṣe kékeré. Lẹ́yìn náà lo wá ṣàlàyé fún mi pé wọ́n ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn ò bá ọ, pé bí irú ẹ̀ bá di mẹ́ta láàárín ọdún kan, wọ́n á dá ọ dúró bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó lo oògùn dúró, àmì ẹ̀yẹ àti iṣẹ́ náà á sì lọ síbẹ̀. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ẹnì kan ti gbé e sórí ayélujára pé ọmọ Ìbàdàn tó gba ipò kìíní sá fún àyẹ̀wò, pé ìyá rẹ̀ gan-an ló gbé e pamọ́.

Mo ti bẹ̀ ọ́, o sì ti ní kò sí nǹkan kan mọ́, mi ò ní tún máa bẹ̀ ọ́ nínú lẹ́tà. Ohun tí mo fẹ́ kí o mú níbẹ̀ ni pé o mọ̀ pé wọ́n lè wá, o ò sì sọ fún mi. Mo mọ ìdí rẹ̀. O mọ̀ pé bí mo bá gbọ́ pé obìnrin àjèjì máa dúró ti ọmọ mi kó máa wò ó bó ṣe ń tọ̀, màá dá ilé rú. Òótọ́ ni, ǹ bá dá a rú. Ṣùgbọ́n màá ti dá a rú tán kí ọjọ́ náà tó pé. Nítorí náà, ìyá ọkọ lọ́la, ọkọ lọ́la, ẹni tí ẹ jọ gba ilé lọ́hùn-ún, má ṣe gbé ohun tí kò ní dùn mọ́ wọn pamọ́ fún wọn nítorí àlàáfíà. Jẹ́ kí wọ́n bínú níjọ́ tí kò la nǹkan kan lọ.

Ìkẹta. Jẹ́ kí wọ́n wọ̀n ọ́.

Mo gbọ́ láti ẹnu Kóòṣì pé o ti fẹ́ bá àwọn aláyẹ̀wò jà lọ́hùn-ún. Ó ní wọ́n wá lẹ́ẹ̀mejì láàárín ọjọ́ díẹ̀, o sì bi wọ́n pé ṣé ìwọ nìkan ló ń gun kẹ̀kẹ́ ni. Mo mọ ibi tí o ti mú ìyẹn. Ọ̀dọ̀ mi ni.

Nígbà tí ò ń rá, Mọ́kọ́lá ni mo ti ń ta gáàsì. Obìnrin kan tó ń din búrẹ́dì àti ẹyin máa ń rà lọ́wọ́ mi. Ó gbé sílíńdà padà wá lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ìyá Mojí, eléyìí ò pé."

Mo ní, "Ṣé olè lẹ pè mí?"

"Mi ò pè yín lólè. Ẹ sáà gbé e sórí ìwọ̀n kí n rí i."

"Mi ò gbé e. Ẹ lọ rà á lọ́dọ̀ àwọn tí wọn kì í jalè."

Gáàsì yẹn pé. Mo mọ̀ pé ó pé, ọwọ́ ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó dùn mí. Ṣùgbọ́n ohun tí òun gbé lọ sọ́dọ̀ àwọn oníbàárà ni pé, "Ìyá yẹn kọ̀, kò gbé e sórí ìwọ̀n." Wọ́n ní bó bá pé ni, ṣé kò ní gbé e? Èmi náà ì bá sọ bẹ́ẹ̀ bó bá jẹ́ ẹlòmíì. Kí ọdún tó yípo, mo ti kó kúrò ní Mọ́kọ́lá. Kò sí irọ́ kankan tí mo pa, kò sì sí gáàsì tí mo gé. Ìwọ̀sí tí mo kà á sí ló tú ṣọ́ọ̀bù mi ká.

Nígbà tí mo dé Agbowó, mo gbé ìwọ̀n síta, mo dojú rẹ̀ kọ ọ̀nà. Ní àràárọ̀, kí n tó ta nǹkan kan, mo máa ń gbé irin kan lé e, irin tí gbogbo wọn mọ bó ṣe wúwo tó, ẹni tó bá fẹ́ kó wá wò ó. Wọn ò dákẹ́ náà. Ẹnì kan ní irin náà ní ihò nínú. Mi ò dá a lóhùn. Ohun tó wà lọ́wọ́ mi láti ṣe, mo ti ṣe é níta gbangba, ó sì parí síbẹ̀.

Bí o ṣe máa ṣe é nìyẹn. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan náà, fún wọn ní ìtọ̀, fún wọn ní ẹ̀jẹ̀, kí wọn dáadáa, bi wọ́n pé ọmọ wọn ńkọ́. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe, àwọn ni ìwọ̀n tìẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, má dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lóhùn. Mo rí èyí tí o dá ọkùnrin kan lóhùn lọ́sẹ̀ tó kọjá, o kọ ọ́ gùn bíi ti lọ́yà. Ẹni yẹn ò ní sílíńdà lọ́wọ́, kò wá ra gáàsì, ó kàn ń kọjá lọ ni.

Èyí tó kàn yìí, mi ò mọ̀ bóyá ìkẹrin ni. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ẹnu tí a fi ń mu nǹkan.

Ẹ̀gbọ́n mi láti Ìgbòho gbé ìgò àgbo kan wá lẹ́yìn tí o lọ. Ó ní kí n fi ránṣẹ́ sí ọ, pé ó máa ń mú ẹsẹ̀ yá. Mo bi í pé kí ló wà nínú rẹ̀. Ó ní, "Ewé ni, kí ló tún máa wà níbẹ̀?" Mo ní, "Ewé wo?" Ó ní ẹni tó sè é kì í sọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo kúnlẹ̀, mo gbé e pamọ́. Nígbà tí orúnkún ń dun bàbá rẹ, ó lọ bù ú mu. Àbẹ̀kẹ́, ọkùnrin tó ń fi ọ̀pá rìn jí lọ́jọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ tún òrùlé ṣe. Ó gun àkàbà. Mo ní ohun tí wọ́n fi kún ewé yìí, kì í ṣe ewé. Mo da èyí tó kù sí gọ́tà.

Nítorí náà, ohunkóhun tí ẹnikẹ́ni bá gbé fún ọ, yálà ẹ̀gbọ́n mi ni, yálà àwọn ìyá aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ni, yálà èmi ìyá rẹ ni mo fi ọwọ́ ara mi sè é, má mu ún bí dókítà ẹgbẹ́ yín ò bá tíì mọ̀ sí i. Fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, kúnlẹ̀, dúpẹ́, gbé e fún mi. Èmi ni màá wá ọ̀rọ̀ sọ fún ẹni tó gbé e wá. Wọ́n á ní ìgbéraga ti wọ̀ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ fún mi, mo ti dàgbà tó láti gbọ́ ọ.

Ọkùnrin kan sì tún wá láti Ring Road, ó wọ kóòtù, ó ń ta ohun mímu kíkorò tí wọ́n ní ó ń fún èèyàn lágbára. Ó fẹ́ lẹ àwòrán rẹ mọ́ ara ìgò, tìwọ ti kẹ̀kẹ́. Owó tó dárúkọ dára, mi ò ní purọ́, mo ní kó jókòó, mo ra mínírà fún un. Ṣùgbọ́n nígbà tó lọ tán mo rò ó. Ọmọ tí wọ́n ń sọ pé ó ń mu nǹkan, a wá lẹ ojú rẹ̀ mọ́ ara nǹkan tí wọ́n ń mu. Iye tí a máa fi ra orúkọ yẹn padà ju iye tó fẹ́ san lọ. Mo ránṣẹ́ sí i pé rárá. Bí ó bá pè ọ́, ohun kan náà ni kí o sọ.

Ó ku ọ̀rọ̀ kan tí mi ò sọ fún ọ rí. Kò sí ìdí kan tí mi ò fi sọ ọ́, kò kàn tíì ní ibi tó bọ́ sí ni.

Mo máa ń sáré. Ní ìwé márùn-ún, ní Ìgbòho, kò sí ọmọ tó lè bá mi dé òpin pápá, ọkùnrin tàbí obìnrin. Wọ́n mú wa lọ bá àwọn ilé ìwé mìíràn díje. Mo gba ti àkọ́kọ́, ó ku èyí tó ṣe pàtàkì. Olùkọ́ ilé ìwé kejì wá ní kí wọ́n yẹ ìdí mi wò bóyá mo so ońdè mọ́ ọn, pé ọmọ tó tín-ín-rín báyìí kò lè sáré bẹ́ẹ̀ lásán. Olùkọ́bìnrin kan mú mi lọ sẹ́yìn igi, ó gbé aṣọ mi sókè. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí ló rí. Ó jáde sọ fún wọn pé ìlẹ̀kẹ̀ lásán ni, kí wọ́n jẹ́ kí n sáré. Gbogbo wọn ní ó dáa. Àyè wà fún mi láti sáré, Mojísọ́lá. Wọ́n ti fa ìlà. Ṣùgbọ́n ojú ń tì mí, mo ń bínú, mo kọjá lára ìlà yẹn, mo rìn lọ sílé. Ẹni tí mo ti fi sẹ́yìn láàárọ̀ ló gba ife. Mi ò sáré mọ́ láti ọjọ́ yẹn, kò sì sẹ́ni tó wá bẹ̀ mí pé kí n wá sáré. Mo rò pé mo fìyà jẹ wọ́n. Wọn ò tilẹ̀ rántí.

Ìgbà tí o gun òkè yẹn lọ́jọ́ ìdíje, tí o jókòó tí o ò dìde, mo ń wo ẹsẹ̀ rẹ, mo ní ẹsẹ̀ wa nìyẹn. Má bá mi gbé e rìn lọ sílé nítorí pé wọ́n ní kí wọ́n yẹ ọ́ wò. Jẹ́ kí wọ́n wò ó tán, kí o sì sáré.

Ìdáhùn mi rèé.

Mo ti rò ó bí mo ṣe ń ro gbogbo nǹkan, èyí tó máa wọlé àti èyí tó máa jáde. Òótọ́ ni ọ̀gá yín sọ, ó rọrùn fún wọn láti rí ọ lọ́hùn-ún, iná wọn kì í lọ, kò sì sí ìyá lẹ́nu géètì. Ṣùgbọ́n bí o bá tìtorí ohun tí èmi ṣe sá fún ilé, àwọn tó ń sọ̀rọ̀ á ní Ìbàdàn ni nǹkan náà wà, ìdí rẹ̀ rèé tí kò fi lè wá síbẹ̀ mọ́. Yàtọ̀ sí ìyẹn, nínú yàrá tí o wà yẹn, ta ló ń pè ọ́ ní Àbẹ̀kẹ́? Ta ló mọ bí o ṣe ń jẹun bí inú rẹ ò bá dùn? Ọdún kan á kọjá, o lè fara dà á. Mi ò mọ̀ bí ìkejì ṣe máa rí.

Nítorí náà, má jókòó sọ́hùn-ún. Ilé ni kí o wá.

Bàbá rẹ ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò ní yàrá iwájú, ó kun ún, ibẹ̀ ni wàá máa sùn. Fèrèsé rẹ̀ kọjú sí géètì. A ti ra aago ẹnu ọ̀nà tó ń fi bátìrì dún, a kàn án mọ́ ara ògiri, kò nílò iná. Lọ́jọ́ tí bàbá rẹ kàn án tán, ó tẹ̀ ẹ́ títí tí aládùúgbò fi wá bi wá pé ṣé ọkọ̀ pánápáná ló dé. Mo sì ti lọ láti ilé dé ilé ní àdúgbò yìí, mo sọ fún wọn pé bí obìnrin kan àti ọkùnrin kan bá gbé báàgì dúdú wá, wọn ò gbọ́dọ̀ ní àwọn ò mọ̀ wá, kí wọ́n mú wọn wá sẹ́nu géètì gan-an.

Ìyá Tọ́pẹ́ wò mí, ó ní, "Ìyá Mojí, ẹ̀yin tí ẹ kì í sọ ibi tí ẹ ti ra ata?"

Mo ní, "Mojí máa wà nílé ní oṣù Kejìlá. Ẹ sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè."

Ó ní, "Gbogbo ẹni tó bá béèrè?"

Mo ní, "Gbogbo wọn."

Ó nira fún mi, mi ò ní parọ́. Ó dà bíi pé mo bọ́ aṣọ ọmọ mi síta. Ṣùgbọ́n mo sọ ọ́, kò sì sí nǹkan tó ṣe.

Nítorí náà, bí o bá dé ibi tí wọ́n ti ń bi ọ́ pé níbo ni àwọn ti lè rí ọ nígbà ìsinmi, kọ Agbowó síbẹ̀. Kọ nọ́ńbà ilé, kọ àwọ̀ géètì, kọ ọ́ pé yàrá iwájú ni. Bí àyè bá ṣì wà lórí ìwé náà, kọ orúkọ mi sí i, kí o sọ pé obìnrin yìí ló máa ṣí géètì fún wọn.

Èmi ni,
Ìyá rẹ, onígáàsì Agbowó.